Ìdò mi ń ta ewé lásán, kò yọ fláwà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará. Ìdò ni mo gbìn sójú ilé, èyí tó máa ń yọ fláwà pupa, wọ́n ní kò ní wàhálà, pé kéèyàn ṣáà ti rì í mọ́lẹ̀ kó lọ sùn. Lóòótọ́ ó hù o, ó ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù mí lọ, àmọ́ ewé lásán ni, látìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀ fláwà kan ṣoṣo ló yọ, òun náà ti rọ. Abẹ́ máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì ló wà, mo sì máa ń da ìgbẹ́ adìyẹ sí i dáadáa torí mo ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Àwọn ewé ẹ̀ kan tún ń ká jọ bí ẹní, tí n bá tú u, ihò tó tò tẹ̀léra ni mò ń bá lára ẹ̀. Ojúde Ọba ò jìnnà mọ́, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ọkọ mi ń bọ̀ wá jẹun nílé wa, kí ni kí n ṣe?

Àǹtí Onífláwà, Ṣágámù:
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Máńgòrò yẹn ló ń dà á láàmú. Ìdò ò fẹ́ràn ibòji, ó kéré tán kí oòrùn pa á fún wákàtí 6 lójúmọ́, tí ò bá rí i á kàn máa ga ni. Ẹ hú u, ẹ fi àdá pín gbòǹgbò ẹ̀, kí ìkọ̀ọ̀kan ní ojú méjì sí mẹ́ta, ojú yẹn rí ṣóńṣó, ibẹ̀ ló ti máa hù. Ẹ rì í síbi tí oòrùn wà, kó wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ọ̀kan fi bíi 50 jìnnà sí èkejì, torí ó máa ń bímọ gan-an.

Bọ̀dá Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ má hú nǹkan kan jàre, ẹ̀ka máńgòrò ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n gé. Tèmi wà níbi tómi balùwẹ̀ ń gbà jáde, oòrùn ń pa á látàárọ̀ dalẹ́, mi ò da nǹkan kan sí i rí, ilẹ̀ ibẹ̀ rin gbindin, ẹ̀gẹ́ ì bá ti jẹrà níbẹ̀, ìdò sì ń yọ fláwà lọ ràì.

Tísà Àgíríkì, Àgọ́-Ìwòyè:
Bọ̀dá ò parọ́ lórí omi, àmọ́ ẹ ò tíì sọ ti ìgbẹ́ adìyẹ. Náítírójìn pọ̀ nínú ẹ̀, ewé ló sì ń bọ́, tó bá ti pọ̀ jù fláwà ò ní yá. Ìyá Ìbejì, ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró ná, ẹ bu eérú igi ìdáná yí i ká, pòtásíọ̀mù inú ẹ̀ á ràn án lọ́wọ́, díẹ̀ ni mo wí o. Ti ewé tó ń ká yẹn, ọmọ labalábá ni, ó ń fi òwú ara ẹ̀ rán ewé pọ̀ kó lè máa jẹ ẹ́ níkọ̀kọ̀, ìgbà tí ewé ṣì wà ní kíká ló ti lu ú já, ìdí nìyẹn tí ihò fi tò bẹ́ẹ̀. Òògùn kì í sábà dé inú ibẹ̀. Ẹ já ewé yẹn, ẹ tú u, ẹ jù ú sáwọn adìyẹ yín.

Akin Ìlíṣàn:
Ẹ fọ́n òògùn ẹ̀fọn sí i kíá, ó tán

Tísà Àgíríkì, Àgọ́-Ìwòyè:
Rárá o àbúrò. Oyin tó ń wá sídìí fláwà lo máa pa. Adìyẹ tó fẹ́ jẹ kòkòrò yẹn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ ṣé gan-an ni. Èyí tó yọ tó ti rọ yẹn, ṣé kí n gé e? Tí n bá sì tún un gbìn lọ́sẹ̀ yìí, ṣé á ti yọ kó tó di Ojúde Ọba?

Àǹtí Onífláwà, Ṣágámù:
Ẹ má tíì gé e nílẹ̀ mà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ibi tó ti rọ, ẹ lè rí ọmọ kan tó fẹ́ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, òkè ìyẹn ni kẹ́ ẹ ti gé e. Tí gbogbo ẹ̀ bá yọ tán lẹ wá gé igi yẹn délẹ̀, torí kò ní yọ mọ́, ọmọ tuntun ló kù. Ti Ojúde Ọba, ká sòótọ́, á tó oṣù 2 sí 3. Ẹ kó ìdajì lọ sóòrùn, ẹ fi ìdajì sílẹ̀ kí wọ́n gé ẹ̀ka máńgòrò tó bò ó, kẹ́ ẹ wá ra bíi mẹ́rin tó ti ń yọ fláwà nínú nálọ́nù, ẹ tò ó sẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà.

Bọ̀dá Ìkẹ́nnẹ́:
Hẹn-ẹn! Mo mọ̀ pé ọjà la máa já sí 😂

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde:
Bọ̀dá, ẹ jẹ́ á gbọ́ràn. Àǹtí, èló ni ọ̀kan?

Àǹtí Onífláwà, Ṣágámù:
Ẹ wá inbox mà. Ṣé ewúrẹ́ máa ń rìn ládùúgbò yín? Wọ́n máa ń jẹ ewé ẹ̀ o.