Ilé kan ní Houten tó wù wá: ṣé ká gbà á àbí ká fi sílẹ̀?

Ìyá Ìfẹ́, Amsterdam Zuidoost

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n sì ní ká fèsì.

Yàrá kan ṣoṣo ni èmi, ọkọ mi àti ọmọ méjì ń gbé ní Bijlmer, ní Amsterdam níbí ní Netherlands, láti bí ọdún kan. Ìfẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá sunkún lóru, gbogbo ará ilé ló máa jí, ojú sì máa ń tì mí láti wọ kíṣìnnì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Utrecht ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé lọ́nà ibẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè wá pé ká wá wo ọ̀kan ní Houten, ìlú kan lẹ́bàá Utrecht.

Yàrá mẹ́ta ló wà lókè, pálọ̀ àti kíṣìnnì wà nísàlẹ̀, ọgbà wà lẹ́yìn. Níwájú ilé, koríko ni, lẹ́yìn koríko omi tóóró kan wà tí pẹ́pẹ́yẹ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Inú mi dùn títí a fi wọlé. Ilẹ̀ kọnkéré lásán ni, ojú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ohun tí ayálégbé àtijọ́ tẹ́ síbẹ̀ ṣì hàn ní ìlà-ìlà. Wáyà méjì yọ jáde lókè àjà, kò sí gílóòbù. Kò sí kọ́tìnnì, kò sí sítóòfù. Ájẹ́ǹtì ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí, pé "kaal", ìyẹn lófìfo láìsí ohunkóhun nínú rẹ̀, ni wọ́n fi ń háyà rẹ̀.

€1,650 ni owó ilé lóṣù. Ájẹ́ǹtì ní ká san owó ìdógò oṣù mẹ́ta, ìyẹn €4,950, ká tún san owó oṣù kan fún òun fún iṣẹ́ tí òun ṣe. Àdéhùn ọdún kan péré ni, ọkọ mi nìkan ni kó sì forúkọ sílẹ̀ ní gemeente, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, lórí àdírẹ́sì yẹn. Ní Èkó tí mo ti wá, a máa ń san ti àgírímẹ́ǹtì, a máa ń san kọmíṣánnì, nítorí náà kò kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ọkọ mi ló ní ká bèèrè ná.

Ohun kejì tún wà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta la débẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, obìnrin kan tó ń mú ajá rìn nìkan ló kọjá. Ó kí mi, ó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa. Èmi tí mo dàgbà ní Mushin, ṣé mo lè gbé irú ibẹ̀? Iyán sì ni oúnjẹ ilé wa, ògiri kan náà la ó sì jọ lò pẹ̀lú ará ilé kejì.

Bàbá Ẹniọlá, Amersfoort

Ìyá Ìfẹ́, ẹ kú àníyàn. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀.

Láti 1 oṣù keje 2023 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Wet goed verhuurderschap ti wà. Onílé kò gbọdọ̀ gba ìdógò tó ju oṣù méjì lọ. Oṣù méjì kale huur ni mo wí, ìyẹn owó ilé gan-an, láìka servicekosten, owó àwọn iṣẹ́ àfikún, mọ́ ọn. Ẹ bi ájẹ́ǹtì léèrè bóyá €1,650 yẹn jẹ́ kale huur tàbí wọ́n ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn, nítorí dandan ni kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìwé. Tí ẹ bá kó jáde tí ẹ kò ba nǹkan kan jẹ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n ní láti dá ìdógò padà.

Ti owó iṣẹ́ ájẹ́ǹtì, onílé ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, onílé ni kó san án. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbà á pé kó bá yín wá ilé kiri, ìyẹn yàtọ̀.

Ẹ tún bèèrè puntentelling. Àmì ni wọ́n fi ń díwọ̀n ilé níbí: bí ilé ṣe fẹ̀ tó, ọgbà, kíṣìnnì, energielabel (ìwé tó ń sọ bí ilé ṣe ń lo iná àti gáàsì sí), iye tí gemeente fojú díwọ̀n rẹ̀. Láti 1 oṣù keje 2024, ilé tí àmì rẹ̀ kò bá ju 186 lọ ní iye tí owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Ní 2025, €1,184.82 ni ilé alámì 186 jẹ́. Ilé olọ́gbà bíi tiyín lè kọjá 186 o, kó jẹ́ pé €1,650 tọ̀nà. Àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, dandan ni kí ìṣirò yẹn wà pẹ̀lú àdéhùn tuntun. Ẹ̀yin náà lè ṣe é lórí ìkànnì Huurcommissie, àjọ tó ń parí aáwọ̀ owó ilé, ọ̀fẹ́ ni.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé kí ọkọ yín nìkan forúkọ sílẹ̀. Onílé kò láṣẹ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń sùn ni ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ sí, láàárín ọjọ́ márùn-ún tí ẹ bá kó wọlé. Gbogbo ìwé tí ìjọba bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yín, ibẹ̀ ló ń lọ.

Ìyá Ìbejì, Zoetermeer

Bàbá ti sọ ti òfin, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀. "Kaal" kì í ṣe ẹ̀tàn, bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Tí wọ́n bá kọ "gestoffeerd", ilẹ̀ títẹ́ àti kọ́tìnnì wà níbẹ̀. "Gemeubileerd" ló ní àga àti bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí a kó dé ibí, orí kọnkéré la sùn fún ọjọ́ mọ́kànlá nínú oṣù kejì ọdún. Mo tẹ́ páálí sílẹ̀ kí n tó tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì lé e, síbẹ̀ òtútù ń gba abẹ́ wọlé. Nítorí náà ẹ ya owó ilẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹ wọn pálọ̀ àti yàrá, ẹ ṣírò laminaat, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, ẹ má sì gbàgbé ohun tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ tó ń gba ariwo mọ́ra. Bí ẹ bá mọ ẹni tó lè bá yín tẹ́ ẹ, ẹ ti jèrè.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, ẹ ya fọ́tò gbogbo igun ilé, àti nọ́ńbà tó wà lára mítà iná, gáàsì àti omi. Ọgbà náà, ẹ̀yin lẹ máa tọ́jú rẹ̀: koríko gígé, igbó títu, gbogbo rẹ̀, ọwọ́ ayálégbé ló wà.

Ìyá Ìfẹ́, ẹ ní omi wà níwájú ilé. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí nígbà tí mo kà á. Omi yẹn máa ń kún fún ewé tútù títí ọmọ á fi rò pé koríko ni. Mo rí i bẹ́ẹ̀ lójú ara mi: Kẹ́hìndé na ẹsẹ̀ kan síwájú, bàbá rẹ̀ gbá a mú ní kọ́là. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ará ibí kì í fi ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ṣeré. Ìwé ẹ̀rí mẹ́ta ló wà, A, B àti C. Ẹ forúkọ Ìfẹ́ sílẹ̀ kíákíá, torí ìlà máa ń gùn, kí ẹ má sì jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ dá jáde níwájú ilé rárá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Rotterdam

Ẹ jẹ́ kí n sọ òdì kejì, kí ó má bàa jẹ́ pé ohun tó dùn nìkan lẹ gbọ́. Èmi àti ìyàwó mi gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Ó mọ́, ó dákẹ́, ẹyẹ ń ké láàárọ̀. Èmi ń lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó mi wà nílé pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò ní bá àgbàlagbà kankan sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí mi. N kò mọ̀. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá kí wa ló sunkún lójú gbogbo wa. A padà sí ìlú ńlá, nínú fúláàtì tó kéré jù, n kò sì kábàámọ̀.

Mi ò ní kí ẹ má gbà á o. Ẹ kàn bi ara yín léèrè pé: ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá, tí òjò ń rọ̀, tí ọkọ ti lọ, kí ni ẹ̀yin fúnra yín máa ṣe? Tí ẹ bá ní iṣẹ́ tàbí kíláàsì èdè Dutch lọ, ó dáa. Tí kò bá sí, ẹ wá a kí ẹ tó kó ẹrù.

Ti owó ájẹ́ǹtì, èmi fọwọ́ sí i, mo san án nítorí a nílò ilé, lẹ́yìn náà ni mo kọ ìwé, mo gbà á padà. Ọdún márùn-ún lòfin fún èèyàn láti bèèrè rẹ̀.

Bàbá Ẹniọlá, Amersfoort

Ọmọ Ìjẹ̀bú, o ṣeun. Òótọ́ ni pé a lè gbà á padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló lágbára àtija irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí wọ́n kọ í-meèlì oníwà pẹ̀lẹ́ sí i ná. Gemeente kọ̀ọ̀kan ní ibi tí a ti lè fẹjọ́ irú èyí sùn, ọ̀pọ̀ ájẹ́ǹtì sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí wọ́n rò pé a kò mọ̀.

Àǹtí Bùnmi, Houten

Ha, ìlú mi rèé! Ọdún keje mi nìyí níbí. Ìyá Ìfẹ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Ohun tí Ọmọ Ìjẹ̀bú sọ kì í ṣe irọ́. Ọdún àkọ́kọ́ le. Kẹ̀kẹ́ ló yọ mí. Bí wọ́n ṣe to Houten ni pé mọ́tò tó bá fẹ́ lọ láti àdúgbò kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ jáde lọ sójú títì ńlá tó yí ìlú po, kó tún padà wọlé. Kẹ̀kẹ́ ló ń gba àárín lọ tààrà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ń dá kẹ̀kẹ́ gùn lọ sílé ìwé níbí, n kò sì gbàdúrà ju bó ṣe yẹ lọ. Ibùdókọ̀ ojú irin méjì la ní, Houten àti Houten Castellum, kò sì jìnnà sí Utrecht rárá. Mo kọ́ kẹ̀kẹ́ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, nínú ọgbà ìgbafẹ́, ọkọ mi ń di ìdí rẹ̀ mú.

Ẹ má dúró kí wọ́n wá kí yín. Níbí, ẹni tó kó dé ló ń lọ kan ilẹ̀kùn. Èmi dín àkàrà, mo pín in sí ilé méjì ọ̀tún, méjì òsì. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ fún mi nípa Burendag, ìyẹn ọjọ́ àwọn aládùúgbò, ọjọ́ Àbámẹ́ta kẹrin nínú oṣù kẹsàn-án, tí gbogbo òpópónà máa ń gbé àga jáde. Ẹ kàn mọ̀ pé wọn kì í yọjú síni láìsọ tẹ́lẹ̀. Afspraak, ìyẹn kí a jọ dá ìgbà tẹ́lẹ̀, ni gbogbo nǹkan. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ yín.

Ti iyán: odó mi wà nínú ilé onípákó tí a ń kó kẹ̀kẹ́ sí lẹ́yìn, mo ká kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sí mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀. Kí n tó gún un lẹ́ẹ̀kíní, mo lọ sọ fún ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé ariwo tó máa gbọ́ láago márùn-ún, oúnjẹ ni. Ó ní òun fẹ́ rí i. Ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi, ó gún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó jókòó, ó sì jẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Ẹ má ṣáà gún un láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí méje òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kí ilé dákẹ́. Ìṣọ́ òru, ẹ lọ ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Ìfẹ́, Amsterdam Zuidoost

Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo kọ í-meèlì náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí Bàbá ṣe ní kí n kọ ọ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo rò pé wọ́n á fún ẹlòmíràn ni. Lánàá ó fèsì. Ìdógò ti di oṣù méjì, owó iṣẹ́ tiẹ̀ ti kúrò ńbẹ̀, ó ní "àṣìṣe" ni ti ìforúkọsílẹ̀. Kale huur ni €1,650, àmì ilé náà jẹ́ 194. Ṣùgbọ́n ó ní onílé ń lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun, ó máa padà wá gbé ilé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Bàbá, ṣé ìyẹn dára?

Bàbá Ẹniọlá, Amersfoort

Ó bófin mu bó bá jẹ́ òótọ́. Láti 1 oṣù keje 2024, àdéhùn tí kò ní ọjọ́ ìparí ló yẹ kí ayálégbé máa gbà, ṣùgbọ́n onílé tó máa padà sínú ilé ara rẹ̀ wà lára àwọn tí òfin yọ̀ǹda. Diplomatenclausule ni wọ́n ń pè é. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ẹ sì mọ̀ látòní pé lẹ́yìn ọdún méjì ẹ máa kó. Ṣé ẹ lè tẹ́ ilẹ̀ sí ilé tí ẹ máa lò fún ọdún méjì? Ìyẹn lẹ̀yin àti ọkọ yín máa jọ rò.

Ìyá Ìfẹ́, Amsterdam Zuidoost

A ti rò ó láti alẹ́ àná. Nísàlẹ̀ àti yàrá àwọn ọmọ nìkan la máa tẹ́ ná, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló máa bá wa tẹ́ ẹ. Mo ti bèèrè kíláàsì èdè Dutch ní Houten, wọ́n ní àyè wà ní oṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, òwúrọ̀. Lọ́la la máa fọwọ́ sí i. Àǹtí Bùnmi, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni àwọn ọmọ yín ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́?

Àǹtí Bùnmi, Houten

Mo ti fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí inú àpótí yín. Ẹ pè wọ́n lónìí, ẹ má dúró de kọ́kọ́rọ́. Kẹ̀kẹ́ pupa kan wà lẹ́yìn ilé mi tó ti kéré fún ọmọ mi, ó máa bá Ìfẹ́ mu. Mo ti ní kí wọ́n fẹ́ táyà rẹ̀.