Àbọ̀ ìròyìn: apá kírénì LEGO mi kò wálẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́

Ẹ rántí pé mo bi yín léèrè ìdí tí apá kírénì LEGO mi (ohun ìṣeré tí a ń tò pọ̀), tí sílíńdà afẹ́fẹ́ méjì (ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ ń tì jáde) ń gbé, fi máa ń rọra wálẹ̀ bí mo bá gbé ẹrù kọ́ ọ. Ẹni tó ní kí n yẹ ẹnu rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wò ló tọ̀nà. Mo fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé, mo fún pọ́ǹpù, ọṣẹ bá ń hó níbì kan ṣoṣo, lẹ́bàá fáàfù (ohun tí a fi ń ṣí tàbí ti ọ̀nà afẹ́fẹ́). Sísọ́ọ̀sì ni mo fi gé rọ́bà yẹn (ìkánjú ni!), ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Mo fi abẹ tún un gé kó gún, mo tì í wọlé dáadáa. Apá náà dúró lókè fún wákàtí kan gbáko.

Ojò afẹ́fẹ́ tí ẹ ní kí n fi kún un ṣe ìdajì iṣẹ́: apá ń gòkè láìdúró lágbedeméjì, àmọ́ ojò náà pẹ́ kó tó kún, ọwọ́ sì ń ro mí. Sísún ìdí sílíńdà jìnnà sí oríkèé apá jẹ́ kí apá gbé ẹrù tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò ga tó tẹ́lẹ̀.

Ìṣòro kan ṣì kù: apá náà ń ta gìrì bí mo bá ṣí fáàfù. Bí mo bá ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, ó ń dín kù, kò tán. Ẹ ṣeun.