Ìgbọ́ràn kọ́ ni etí gbígbọ́: èsì mi lórí "àyẹ̀wò ìgbọ́ràn"

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí orúkọ Yorùbá tí a ó máa pe àyẹ̀wò etí, mo dákẹ́ torí mo rò pé ẹnìkan á sọ ọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ ọ́, mi ò sì fẹ́ gbé e sínú sùn. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní London ló dábàá pé nínú àkójọ ọ̀rọ̀ lórí ewu ẹnu iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, kí á máa pe àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ bí etí òṣìṣẹ́ ṣe ń gbọ́ sí ní "àyẹ̀wò ìgbọ́ràn", kí a sì máa sọ pé ẹni tí ariwo ẹ̀rọ bá ba etí ẹ̀ jẹ́ ní "àìgbọ́ràn ẹnu iṣẹ́". Àwọn tó tẹ̀lé e ń kí wọn kú ọpọlọ. Èmi ò lè kí wọn, ẹ forí jì mí.

Àìgbọ́ràn ẹnu iṣẹ́! Ẹ kà á sókè kí ẹ gbọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ wo ni wọn ò ní lé dànù tí wọ́n bá kọ ọ́ sí fáìlì ẹ̀ pé ó ní àìgbọ́ràn? Gbogbo wa la mọ ibi tí Bíbélì ti sọ pé ìgbọ́ràn sàn ju ẹbọ lọ. Ṣé etí Sọ́ọ̀lù ló di nígbà yẹn ni? Sọ́ọ̀lù gbọ́ gbogbo ohun tí Sámúẹ́lì sọ, kò ṣe é ni. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń pè ní aláìgbọ́ràn, tí ẹ bá rọra tú bisikíìtì ní yàrá kejì, ó ti gbọ́.

Mi ò kàn sọ ọ́ lásán, ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún 22 ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú kíníìkì àwọn ilé iṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ilé iṣẹ́ irin kan wà tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé "Ìdánwò Ìgbọ́ràn fún gbogbo òṣìṣẹ́, ọjọ́ Ẹtì". Bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń gé irin ló kọ́kọ́ dé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹjọ́ mi sùn?" Àwọn ọ̀dọ́ tó tẹ̀lé e wá burú jùyẹn lọ. Ẹ mọ̀ pé wọ́n á dé headphone sí i yín lórí, wọ́n á fún yín ní bọ́tìnnì, tí ẹ bá gbọ́ ìró kékeré ẹ ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ yìí ń tẹ bọ́tìnnì nígbà tí mi ò tíì fi ìró kankan sí i, torí wọ́n ti kà á pé ìdánwò ni, wọn ò sì fẹ́ féèlì. Gbogbo àbájáde ọjọ́ yẹn la dà nù. Ọ̀rọ̀ méjì tí kò tọ́, ìdánwò àti ìgbọ́ràn, ló ba iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan jẹ́. Nítorí náà ọ̀rọ̀ "ìdánwò" pẹ̀lú ò dáa, "àyẹ̀wò" ni kí á di mú.

Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ojú kan tí mò ń lù ni "ọ̀ràn". Gbọ́ pẹ̀lú ọ̀ràn ló di gbọ́ràn. Ọ̀ràn yìí kan náà ló wà nínú ọ̀daràn, òun ló wà nínú dá ọ̀ràn, òun ló wà nínú "ọ̀ràn mi dọwọ́ yín". Ẹni tó ń gbọ́ràn, ó ń gbọ́ nǹkan tí ẹnìkan fẹ́ kó ṣe. Nínú headphone yẹn, ta ló ń ro ọ̀ràn fún ẹnikẹ́ni? Ìró fíntínfíntín kan ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà òmíràn, kò sí ẹjọ́, kò sí àṣẹ. Ẹ yọ ọ̀ràn kúrò nínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Mo mọ ohun tí àbúrò wa tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ sọ, pé àwọn àgbà máa ń sọ pé "etí mi ò gbọ́ràn mọ́". Òótọ́ ni, mo gbà. Àmọ́ ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa, etí ló ṣáájú. Etí ló là á, ẹ yọ etí kúrò kí ẹ wá sọ pé "Bàbá ò gbọ́ràn mọ́", ẹ ó rí ojú tí wọ́n máa fi wò yín. Ohun tí mo ní kí á ṣe ò ju kí á jẹ́ kí etí wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àyẹ̀wò bétí ṣe ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ní ó gùn. Ta ló sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá gùn kì í ṣe ọ̀rọ̀? Àwa tí à ń pe "ẹ̀rọ ayélujára", òun náà ò ṣe kúkúrú.

Ẹnìkan tún túmọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní pure tone, ìró kékeré inú headphone yẹn, sí "ohùn mímọ́". Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ohùn mímọ́ ni èyí tó ti ojú ọ̀run wá. Ẹ̀rọ ò ní ohùn, ìró ló ní. Ẹ pè é ní ìró ẹlẹ́yọ kan, ó tán.

Ibi tó wá dùn mí jù ni pé ẹ ń ja ìjà ọ̀rọ̀, ẹ ò bèèrè ohun tí ariwo ń ṣe sí etí ẹni tó ń sọ Yorùbá gan-an. Ariwo kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìró tó nípọn. Ibi tó tín-ínrín, ní àyíká 4000 Hz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ló kọ́kọ́ ń jẹ. Lórí bébà tí a fi ń ya àbájáde, tí etí ọ̀tún jẹ́ òdo pupa, tí ti òsì jẹ́ X aláwọ̀ búlúù, ilà yẹn á máa bọ̀ jẹ́jẹ́, á wá já sí kòtò níbi 4000, á tún gòkè díẹ̀ níbi 8000. Tí mo bá ti rí kòtò yẹn, mo mọ̀ pé ariwo ti débẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì onírun wẹ́wẹ́ tó wà nínú etí lọ́hùn-ún, tó tó nǹkan bíi 15,000, ló ti ń kú, wọn kì í hù mọ́. Ẹ wá wò ó: s, f, ṣ, t, k, ibi tó tín-ínrín yẹn ni wọ́n ń gbé. Àmì ohùn ò sí níbẹ̀, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ìró ti nípọn. Torí náà Yorùbá tí ariwo jẹ etí ẹ̀ á gbọ́ dò, á gbọ́ re, á gbọ́ mí, kò sì ní mọ̀ bóyá sá lẹ sọ ni o, tàbí fá, tàbí ká. Bí ẹni tó ń gbọ́ gángan láti òkèèrè ló rí. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń sọ pé "mo ń gbọ́ yín, ẹ ò kàn sọ ọ́ ketekete ni". Kò purọ́!

Àyẹ̀wò kan sì wà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe, wọ́n á pe ọ̀rọ̀, ẹ ó tún un pè. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi baseball àti hotdog ló wà nínú èyí tí wọ́n kó wá bá wa. Ẹ lọ sọ baseball fún bàbá tó ń lagi ní sọ́míìlì. Ẹ̀yin onímọ̀ èdè ló yẹ kó jókòó ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ohùn wọn bára mu tó jẹ́ pé kọ́ńsónáǹtì nìkan ló yà wọ́n. Iṣẹ́ tó yẹ ká máa ṣe nìyẹn.

Ní ti dẹ́síbẹ̀lì tí wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tí òṣìṣẹ́ nílò láti mọ̀ ni pé 85 fún wákàtí 8 ni ààlà tí NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀, tí ó bá fi 3 lé e, àkókò á dín sí ìdajì, tó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Tí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín bá ní láti pariwo kí ẹ tó gbọ́ ọ, ibẹ̀ ti léwu.

Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bèèrè bóyá a lè sọ pé imú tí kò gbọ́ òórùn mọ́ ti dití, ìyẹn wú mi lórí. Yorùbá ń fi imú gbọ́, à ń gbọ́ òórùn, ẹ ò rí i bó ṣe dáa tó! Gáàsì kan wà nínú ṣalángá àti kànga epo tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, hydrogen sulfide, tó bá pọ̀ tó 100 nínú mílíọ̀nù kan, imú ò ní gbọ́ ọ mọ́, ẹni náà á rò pé ó ti lọ, ibẹ̀ ló máa kú sí. Imú tó dití nìyẹn, mi ò sì rí ìdí tí a ò fi lè pè é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó kọ "ìyè márùn-ún" fún ojú, etí, imú, ahọ́n àti awọ ara, ìyè ni ẹ̀mí, iyè ni ohun tó ń sọ síni. Èèyàn ò ní ìyè márùn-ún, ẹyọ kan ni Ọlọ́run fún wa. Mi ò tíì bá a parí ìyẹn, mo ṣì ń bọ̀.

Bàbá mi àgbà, alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo gbọ́njú mọ̀ wọ́n, iwájú wọn lẹ gbọ́dọ̀ dúró sí, kí wọ́n rí ẹnu yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Wọn ò pe ara wọn ní adití rí, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ pè wọ́n ní aláìgbọ́ràn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Owú ti jẹ mí létí." Owú ni òòlù ńlá tí alágbẹ̀dẹ fi ń lu irin. Bí kòkòrò ṣe ń jẹ eyín, bí ikán ṣe ń jẹ ilé. Wọn ò kàwé, wọn ò mọ Hz, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò sì ju èyí tí a fi ọ̀sẹ̀ kan wá lọ, torí ó sọ ẹni tó jẹ̀bi, kò di ẹ̀bi ru ẹni tí nǹkan ṣe. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ "etí tí ariwo jẹ" sínú àkójọ yín. Tí ẹ bá ní nọ́ọ̀sì ò lè kọ́ yín ní gírámà bí ẹ ṣe sọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ kọ ọ́ lórúkọ alágbẹ̀dẹ.