Ẹ gbà mí o, ewé igi ọsàn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ń di yẹ́lò

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Igi ọsàn kékeré kan ni mo gbìn sílẹ̀, ìgbà tí mo mú u jáde nínú ike ewé ẹ̀ dúdú minimini, ó ń dán, àmọ́ báyìí ewé ìsàlẹ̀ ti ń pọ́n rúsúrúsú, òmíì tiẹ̀ ti já bọ́, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lókè wá ká kò, ìlà funfun kan tó ń dán rìn kọ́lọkọ̀lọ kiri ara wọn. Mo yí ewé yẹn sókè sódò, mi ò rí kòkòrò kankan. Àárọ̀ àtìrọ̀lẹ́ ni mo ń bomi sí i. Ẹnì kan ní kí n da fàtíláísà sí i, ẹlòmíì ní kí n gé gbogbo ewé yẹn dànù. Èwo ni kí n ṣe ẹ jọ̀ọ́?

Bàbá Oko: Má tíì da nǹkan kan sí i. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe é. Ìlà tó dà bí ipa ìgbín yẹn, ìdin àfòpiná kékeré kan ló ń jẹ inú ewé, àárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ ló wà, ìdí tó ò fi rí i nìyẹn. Ewé tó bá ṣì rọ̀ ló máa ń wọ̀. Kì í sábà pa igi, ewé tó ká kò yẹn sì ṣì ń wá oúnjẹ fún un, má gé e.

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ̀yin bàbá, igi ńlá ló lè fara dà á, èyí tí ewé ẹ̀ ò tó nǹkan yìí ńkọ́? Ẹ po epo dóńgóyárò mọ́ omi kẹ́ ẹ fi fín ewé tó bá ń rú jáde, ìrọ̀lẹ́ o, torí epo nínú oòrùn ganrínganrín máa ń jó ewé.

Bàbá Oko: Ìyẹn náà dáa, àmọ́ tọjọ́ iwájú ló máa dènà, kò ní yọ èyí tó ti wọlé.

Ìyá Bọ́lá: Omi yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà jàre. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ nídìí ẹ̀ tó ínǹṣì 2, tó bá ṣì tutù ẹ má bomi. Gbòǹgbò ń mí, tómi bá kún inú ilẹ̀ kò ní ráfẹ́fẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, gbòǹgbò tó ń jẹrà ò lè fa omi, ewé á máa pọ́n á máa rọ, èèyàn á rò pé òǹgbẹ ni, á tún lọ bomi sí i. Fàtíláísà wá ńkọ́, iyọ̀ ni, tẹ́ ẹ bá dà á sórí gbòǹgbò tára ẹ̀ ò yá, etí ewé á jó. Ẹ jẹ́ kó yọ ewé tó dáa ná.

Ọlọ́gbà: Mo fara mọ́ Ìyá Bọ́lá. Tí nitrogen, ọ̀kan lára oúnjẹ tí igi ń fà nínú ilẹ̀, bá wọ́n, igi máa ń fà á lára ewé àgbà fún ewé tuntun, odindi ewé ìsàlẹ̀ á pọ́n. Magnesium, oúnjẹ igi míì, náà, ewé àgbà ni, àmọ́ ìdí ewé máa ń ṣẹ́kù ní gíríìnì. Tó bá jẹ́ iron, ewé tuntun ló ń pọ́n, iṣan ẹ̀ á sì wà ní gíríìnì. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò tó rì sínú omi lè fi irú àmì wọ̀nyí hàn kí oúnjẹ sì kún ilẹ̀!

Ẹni tó béèrè: Mo ki ìka bọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ ni o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ka kan tún yọ nísàlẹ̀ pátápátá, ewé ẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ló so pọ̀, kò jọ tòkè, òun nìkan lara ẹ̀ yá. Ṣé kí n fi sílẹ̀?

Bàbá Oko: Háà, yọ ọ́! Ìdí igi míì tí wọ́n gé ẹ̀ka ọsàn ẹ lẹ̀ mọ́ ló hù ú, á máa gba oúnjẹ mọ́ ọsàn ẹ lọ́wọ́. Wo ojú àpá tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, ohunkóhun tó bá hù lábẹ́ ẹ̀, fọwọ́ ya á nígbà tó ṣì rọ̀. Tí iyẹ̀pẹ̀ bá sì ti bo àpá yẹn, wà á kúrò.

Ọmọ Àgbẹ̀: Koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ bá fi bo ilẹ̀ náà, ẹ má jẹ́ kó kan igi.

Ẹni tó béèrè: Àpá yẹn ti wọlẹ̀ tipẹ́ 😩 Tí gbogbo ewé bá wá wọ́ dànù ńkọ́?

Ìyá Bọ́lá: Ẹ fi èékánná ha ara igi díẹ̀, tí abẹ́ awọ bá ṣì tutù tó ní gíríìnì, ó wà láàyè, ẹ má fà á tu.