Àìdáná ẹlẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kọ́, fọ́ọ̀tì ayọjúsá ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ìlọrin ti dá orúkọ kan sílẹ̀ fún àìsàn àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí ìgíníṣọ̀n wọn (ètò tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì) jẹ́ elékitíróníìkì, èyí tó máa ń pa ọkọ̀ lójú ọ̀nà, tí ọkọ̀ náà á sì tún jí fúnra rẹ̀. "Àìdáná ẹlẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan" ni wọ́n pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, kò sì wọ̀ mí létí. "Fọ́ọ̀tì ayọjúsá" ni mo dá lábàá dípò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ìdí ààrò la ti ń dáná. Ẹni tó dáná fẹ́ kó máa jó títí ọbẹ̀ á fi jinná. Iná pílọ́ọ̀gì, èyí tó ń ran epo nínú ẹ́ńjìnnì, kì í jó bẹ́ẹ̀: ó ta pàrà, ó kú, ó tún ta. Ṣíṣá la ń ṣá irú iná bẹ́ẹ̀, bí àwọn bàbá wa ṣe ń fi irin ṣá òkúta kí ìṣáná inú páálí tó dé. Ẹ ní ìṣáná ti di orúkọ nǹkan mìíràn. Ṣé torí ìyẹn la ò wá ní lè ṣáná mọ́? Ẹ tún wo ohùn ìparí rẹ̀. Ìdáná, ìdánà, ìdána: iná, olè, ìyàwó. Púpọ̀ nínú wa kì í fi àmì sọ́rọ̀ lórí fóònù. Bí ọkọ̀ bá kú sí márosẹ̀ Ìbàdàn lálẹ́, tí ẹnì kan kọ ọ́ ránṣẹ́ sílé pé "idana" ni, kí ni kí ìyá rẹ̀ rò?

Èyí tó dùn mí jù ni "ẹlẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan". Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, iye ìgbà ló ń kà. Àìsàn tí à ń wí yìí kò mọ ìgbà, ooru tàbí gbígbọ̀n ló ń bá rìn.

Bàbá mi ní Mẹ̀sí-ọlọ́yẹ́ kan, 230E, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 1980. Kò sí kọ́ńtáàtì, irin kékeré tó ń já iná tó sì ń so ó, nínú dísítíríbútọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn pílọ́ọ̀gì. Kọ́ńtáàtì bó bá jó, ojú á rí i, a ó fi sáńpépà fá a. Bírénbọ́ọ̀sì, àpótí elékitíróníìkì kékeré tó rọ́pò rẹ̀, kò ní ohun tójú ń rí. Bí a bá ti pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òjòó ní Ìbàdàn, ẹ́ńjìnnì á kú pátápátá. Kí mẹkáníìkì tó dé, ó ti tutù, ó ti jí. A pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, a pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, pàbó.

Bàbá ríwáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) kan ní Gate ló rí ìdí rẹ̀. Kò tú nǹkan kan. Ó ní ká tan ọkọ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn, ká jókòó. Nígbà tó kú, ó fi pílọ́ọ̀gì àlòkù sẹ́nu wáyà kọ́ìlì (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di alágbára), ó so ara pílọ́ọ̀gì náà mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n sítáàtì. Kò sí iná. Ó ra píọ̀-wọ́tà dídì kan lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri, ó gbé e lé bírénbọ́ọ̀sì náà, a tún dúró. Mo sítáàtì: iná búlúù ń ta lẹ́nu pílọ́ọ̀gì, tá, tá, tá. Nígbà tó tú u, òdà funfun abẹ́ rẹ̀, tó yẹ kó máa kó ooru lọ sára irin ọkọ̀, ti gbẹ bí ẹfun. Bàbá ríwáyà ní, "Ìgbà tó bá yọjú ni kẹ́ ẹ mú un. Bó bá ti sá, ẹ ò rí i mọ́."

Yọjú, sá. Ibẹ̀ ni mo ti mú fọ́ọ̀tì ayọjúsá. Wáyà tó já sínú rọ́bà rẹ̀ lẹ́bàá dísítíríbútọ̀ náà ayọjúsá ni, bẹ́ẹ̀ gbígbọ̀n ni tirẹ̀ ń bá rìn: ẹ fọwọ́ mì í nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, á yọjú. Bí ọkọ̀ bá sì ní aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ já wálẹ̀ sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí táyà ṣì ń yí ẹ́ńjìnnì nínú jíà, a mọ̀ pé ìgíníṣọ̀n ló yọjú yẹn. Epo tó ń tán máa ń húkọ́ kó tó dákẹ́.

Ẹ bi mí bóyá a lè so ọ̀rọ̀-ìṣe méjì mọ́ra bẹ́ẹ̀. Apanilẹ́kún-jayé ńkọ́? Àwọn àgbà tó sọ ọkọ̀ ní ayọ́kẹ́lẹ́, wọ́n wo bó ṣe ń rìn ni, wọ́n sì fi ìrìn rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún tí ẹ fi kọ́ni ní Yorùbá, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n Bàbá ríwáyà ló rí fọ́ọ̀tì náà sójú, ọ̀rọ̀ sì wà lẹ́nu wọn.

Ó ku ohùn ìbẹ̀rẹ̀. Nínú èsì yín àárọ̀ yìí, "àyọjúsá" lẹ kọ, ẹ ní kò sí ìyàtọ̀. Ó wà. Ẹni tó ń pa ẹja, apẹja là ń pè é, a kì í pè é ní àpẹja. Fọ́ọ̀tì náà fúnra rẹ̀ ló ń yọjú, òun náà ló ń sá. A- ni, ohùn àárín.