Windows 10 ti ṣíwọ́: ká lọ sí 11 ni, àbí ká ṣe sùúrù?

Ìyá Ìbejì (Peckham): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi. Laptop tí mo rà ní 2017 ló ń kìlọ̀ fún mi pé Windows 10 ti parí láti ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 2025, pé kí n lọ sí 11. Mo tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀, ó ní kọ̀ǹpútà mi ò kájú ìwọ̀n. Àkọ́bí mi ní kí n jù ú nù, kí n ra tuntun. Bàbá wọn ní ọgbọ́n ìtajà ni. Bẹ́ẹ̀ orí ẹ̀ ni mo ti ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá kọ́ọ̀sì mi, oṣù tó ń bọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́. Owó tí mo sì tù jọ, owó tíkẹ́ẹ̀tì ilé ni. Kí ni ṣíṣe?

Wálé (Leeds): Ẹ kú làálàá, Mà. Ẹ má jù ú nù, ẹ má sì ra nǹkan kan lọ́sẹ̀ yìí. Kọ̀ǹpútà yín á máa tàn bó ṣe ń tàn. Àtúnṣe ààbò tí Microsoft máa ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù ló dáwọ́ dúró. Bí ìgbà tí ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ilé ò wó, ilẹ̀kùn ò yọ, àmọ́ ihò tí olè bá rí lọ́la, kò sẹ́ni tó máa dí i.

Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọdún kan kún un fún àwa aráàlú, títí di ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wàrà 2026. ESU (Extended Security Updates) ni wọ́n ń pè é. Ẹ wọ Settings, Update & Security, Windows Update, ẹ máa rí "Enroll now" lápá ibì kan níbẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀dà 22H2, èyí tó kẹ́yìn, ni Windows 10 yín, torí ìyẹn nìkan ni wọ́n ń gbà.

Ìyá Ìbejì (Peckham): Mo rí i. Ó ní kí n san owó, tàbí kí n kó nǹkan mi sórí OneDrive. Èwo ni kí n mú?

Wálé (Leeds): Ọ̀nà mẹ́ta ni, Mà. Dọ́là 30 tàbí iye rẹ̀ ní owó tiwa, tàbí póìǹtì 1,000 ti Microsoft Rewards, tàbí ọ̀fẹ́ bí ẹ bá jẹ́ kí ó máa tọ́jú settings kọ̀ǹpútà yín sórí àkáǹtì yín. Ẹ mú ti ọ̀fẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan o: GB 5 péré ni OneDrive ọ̀fẹ́, ibi tí Microsoft ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Settings nìkan ni wọ́n béèrè, kì í ṣe fídíò ìgbéyàwó. Bó bá ní kí òun kó Pictures àti Documents, ẹ pa á, kó má baà kún kó sì máa yọ yín lẹ́nu pé kẹ́ ẹ ra àyè sí i.

Àǹtí Bísí (Dublin): Ọ̀fẹ́ pọ́ńbélé ni lọ́dọ̀ tiwa níbí. Mi ò kó nǹkan kan síbì kankan, mo kàn fi àkáǹtì Microsoft wọlé, ó tán. Gbogbo European Economic Area ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará London lẹ ní ẹ fẹ́ kúrò ní Yúróòpù.

Ìyá Ìbejì (Peckham): Èmi ò dìbò o, Àǹtí Bísí 😂 Mi ò tíì ní ìwé nígbà yẹn.

Bọ̀dá Túnjí (Houston): Ẹ kú ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun níbí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ẹ má wo ọdún tí ẹ rà á. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ wò. Settings, System, About, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "Processor" sí. Bó bá jẹ́ Intel, ẹ máa rí nǹkan bí i5-7200U. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì dáàṣì yẹn ló ń sọ ìran tó jẹ́. 7 nìyẹn, Windows 11 ò gbà á. Láti ìran 8 lọ ni wọ́n ti ń gbà á. Ti AMD, Ryzen 2000 sókè, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni TPM 2.0, nǹkan kékeré inú kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, ẹ kọ tpm.msc. Bó bá sọ fún yín pé òun ò rí i, ẹ má gbà á gbọ́ kíákíá. Lọ́pọ̀ ìgbà ó wà níbẹ̀, wọ́n kàn pa á ni. Mo mọ ẹni tó ra laptop tuntun nígbà tó jẹ́ pé bọ́tìnnì kan ni kò tàn.

Ìyá Ìbejì (Peckham): Bọ̀dá Túnjí, tèmi ni i5-7200U gan-an! Ṣé ẹ wà nínú yàrá mi ni? Ti bàbá wọn, 2019 ni ó rà á, i5-8265U. Ó ní òun náà ò kájú ìwọ̀n, pé kò rí TPM.

Bọ̀dá Túnjí (Houston): Tiyín ti parí síbẹ̀, Mà, ọdún kan ESU yẹn ni tiyín. Ti Bàbá Ìbejì máa ṣe é. Settings, Update & Security, Recovery, Restart now lábẹ́ Advanced startup. Bó bá tàn padà, Troubleshoot, Advanced options, UEFI Firmware Settings. Ẹ wá "PTT", orúkọ tí Intel fún TPM nìyẹn. Ti AMD ni fTPM. Ẹ tàn án. Ẹ wò ó bóyá Secure Boot, ààbò ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, náà wà ní títàn.

Kẹ́mi (Manchester): Ẹ dúró ná!! Kí Bàbá Ìbejì tó fọwọ́ kan ibẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Èmi náà wọ ibẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo tan ọ̀kan, mo pa ọ̀kan, mo fi í sílẹ̀ kó tàn. Ojú ẹ̀ kàn di búlúù, ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ BitLocker wá, nọ́ńbà 48. Mi ò mọ̀ rí láyé mi pé wọ́n ti ti kọ̀ǹpútà yẹn pa látinú. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ wà lórí àkáǹtì Microsoft mi. Àkáǹtì wo? Èyí tí mo ṣí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, tí mi ò rántí password ẹ̀ mọ́.

Fọ́tò ìsìnkú màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀, mi ò sì ní ẹ̀dà níbòmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà yẹn bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Mo dán orúkọ gbogbo ọmọ wa wò, mo dán ọjọ́ ìbí wò. Àbúrò mi ló pè láti Ìbàdàn, ó ní, "Ṣé kì í ṣe orúkọ ajá Dádì?" Orúkọ ajá ni lóòótọ́.

Ẹ lọ sí aka.ms/myrecoverykey KÍ Ẹ TÓ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ da nọ́ńbà náà kọ sórí ìwé. Tèmi wà nínú ìwé orin mi báyìí. Ẹ má fi pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà kan náà, ìyẹn dà bí kéèyàn ti kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́nú ilé.

Bọ̀dá Túnjí (Houston): Ẹ ṣé, Kẹ́mi. Èmi ni kò yẹ kó gbàgbé ìyẹn. Ẹ tún ra hard drive tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta, kẹ́ ẹ da fáìlì yín kọ sórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣeun (Birmingham): Ọmọ kan wà ládùúgbò wa tó ń gba pọ́n-ùn 40 láti fi 11 sórí kọ̀ǹpútà yòówù, àtijọ́ o, tuntun o. Ó fi sórí ti ìyàwó mi, ó ń ṣiṣẹ́.

Bọ̀dá Túnjí (Houston): Ó ṣeé ṣe, Ṣeun, mi ò ní purọ́. Ètò kan tó ń jẹ́ Rufus ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni, pọ́n-ùn 40 yẹn owó sùúrù ni. Àmọ́ Microsoft ti sọ pé òun ò fọwọ́ sọ̀yà pé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ á máa rí update gbà, update yẹn ló sì mú wa sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà tí ọmọdé fi ń ṣeré, ẹ ṣe é. Èyí tí iṣẹ́ àṣekágbá èèyàn wà lórí ẹ̀, ẹ má ṣe é.

Ìyá Ìbejì (Peckham): Word tí mo fi ń kọ iṣẹ́ yìí ńkọ́? Ṣé òun náà ò ní kú sí mi lọ́wọ́?

Wálé (Leeds): Bó bá jẹ́ ti Microsoft 365, wọ́n ní àwọn á máa fún un ní àtúnṣe ààbò lórí Windows 10 títí di ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wàrà 2028. Ẹ fọkàn balẹ̀ kọ ọ́.

Alàgbà (Maryland): Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi ni mò ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì. Bí mo bá lọ sí 11, ṣé ẹ́ àti ọ́ mi ò ní sọnù?

Bọ̀dá Túnjí (Houston): Wọn ò ní sọnù, Bàbá. Settings, Time & language, Language & region, Add a language, ẹ wá Yorùbá. Windows àti bọ́tìnnì àyè lẹ máa fi máa yí láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Lórí Linux náà, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń lò dípò Windows, Yorùbá wà lábẹ́ Nàìjíríà. Kódà bí Ìyá Ìbejì bá fi iṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ tán, tí ọdún ESU bá pé, Linux Mint ni mo máa ní kí wọ́n fi sórí ti 2017 yẹn. Ó ṣeé dán wò láti orí USB láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ kàn dán ṣíṣí fáìlì Word wò nínú LibreOffice, ètò ìkọ̀wé ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Word, dáadáa, torí táblì máa ń yẹ̀ nígbà mìíràn.

Àǹtí Bísí (Dublin): Ẹnì kan tiẹ̀ pè mí lánàá pé àwọn ni Microsoft, pé Windows mi ti kú, kí n fún àwọn láyè kí àwọn wọ inú kọ̀ǹpútà mi. Mo ní kó bá mi kí ìyá ẹ̀. Microsoft kì í pe èèyàn bẹ́ẹ̀ o.

Ìyá Ìbejì (Peckham): Ìròyìn dé. Tèmi ti wọ ESU, ọ̀fẹ́. Ti Bàbá Ìbejì, a kọ nọ́ńbà 48 sílẹ̀, a tan PTT, a so ó mọ́ iná, ó ṣe é láti alẹ́ dé òru. 11 ti wọlé, fáìlì ẹ̀ pé. Àmọ́ láti àárọ̀ ló ti ń bínú pé wọ́n gbé Start ẹ̀ lọ sáàárín, ó ní kí n dá 10 òun padà fún òun.

Wálé (Leeds): Ó ní ọjọ́ 10 láti padà, Mà: Settings, System, Recovery, Go back. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á kó ti àtijọ́ dànù. Àmọ́ kí ẹ tó dá a padà, Settings, Personalization, Taskbar, Taskbar behaviors, ẹ yí alignment sí Left.

Ìyá Ìbejì (Peckham): Ó ti lọ sápá òsì. Bàbá ti dákẹ́, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ kí n padà sí orí kẹrin mi.