Ṣé àwọn onírédíò sátẹ́láìtì ṣì ń dán nǹkan wò?

Ọmọ Yábàá: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, OSCAR 1, sátẹ́láìtì ọdún 1961, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fi rédíò ṣe fàájì ló fọwọ́ ara wọn kàn án, "HI" lásán ló ń fi àmì Mọ́ọ̀sì ké lókè, àmọ́ ní báyìí ríra la kàn ń ra rédíò, ṣé ìdánwò ò ti kú báyìí?

Bọ̀dá Mushin: Kò kú o jàre! Irin téèpù káfíńtà ni mo fi ṣe áńtẹ́nà, mo sì gbọ́ ISS, ibùdó àwọn awòfurufú tó ń yí ayé ká, ní 437.800 MHz, bó ṣe ń kọjá ni mò ń yí nọ́ńbà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló fẹ́ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Àǹtí Èbúté: QO-100, sátẹ́láìtì àwọn onírédíò, ńkọ́? Ojú kan ló wà lójú ọ̀run, díìṣì tẹlifíṣọ̀n lásán á gbọ́ ọ l'Ékòó.

Ọmọ Yábàá: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Téèpù yẹn, mítà mélòó?